Ọ̀nà tí mọ́tò kò gbà, tó ń mówó wọlé fáwọn oníṣòwò kékeré

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún oníṣòwò pé ọ̀nà kan wà tí mọ́tò kò gbọdọ̀ gbà, tí wọn kò da ọ̀dà sí, tó tún gba àárín òkè kọjá, àti pé ọ̀nà yìí ló ń gbé oníbàárà wá sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọlọ́jà, ó ṣeé ṣe kó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní àfonífojì Clare, ní ìpínlẹ̀ South Australia, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà.

Nǹkan bíi 130 kìlómítà ni Clare fi jìnnà sí Adelaide, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ àwọn ará ibẹ̀ mọ́ ni wáìnì ṣíṣe, pàápàá wáìnì funfun tí wọ́n ń pè ní Riesling. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni. Lọ́dún 1851 làwọn àlùfáà Jesuit tó wá láti Austria dá ọgbà àjàrà Sevenhill sílẹ̀, kí wọ́n lè máa rí wáìnì lò fún ìsìn Máàsì, wọ́n sì ń ṣe é níbẹ̀ títí dòní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe wáìnì lágbègbè náà kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá rárá, okoòwò ìdílé ni.

Iná ló kọ́kọ́ dé

Lọ́dún 1918 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Clare, òun ló sì ń kó ẹrù àti èrò àgbègbè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù kejì, ọdún 1983, tó jẹ́ Ọjọ́rú Eléérú, iná ńlá sọ nínú igbó káàkiri ìpínlẹ̀ South Australia àti Victoria. Èèyàn 75 ló bá iná náà lọ. Ní agbègbè Clare, iná ọ̀hún ba ojú irin jẹ́, kò sì pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi pa ọ̀nà rélùwéè náà tì.

Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà wá di ilẹ̀ òfìfo, bí okùn gígùn tó gba àárín ọgbà àjàrà kọjá. Wọn ì bá pín in tà kó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú àtàwọn tó ń ṣe wáìnì rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ológeere, wọ́n sì sọ ọ́ ní Riesling Trail. Ọ̀nà náà lé ní 30 kìlómítà. Láti Auburn tó wà níhà gúúsù, ó gba Leasingham, Watervale, Penwortham àti Sevenhill lọ sí Clare, kó tó tún tẹ̀ síwájú lọ sí Barinia.

Ìdí tó fi rọrùn láti gùn

Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè tó ga gọngọ. Nítorí náà, àwọn tó la ojú irin ti gé òkè níbi tó ga, wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí ibi tó jinlẹ̀, kí ọ̀nà lè máa ga díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi owó ńlá ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún, oníkẹ̀kẹ́ òde òní ló ń jẹ èrè rẹ̀. Òkè yí i ká lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n òun kò mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọdé lè gùn ún, ẹni ọgọ́ta ọdún náà lè gùn ún.

Èkejì ni pé kò sí mọ́tò lórí rẹ̀, àfi níbi tó bá ti dábùú títì. Ìbẹ̀rù mọ́tò ló máa ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Ibi tí ìbẹ̀rù yẹn kò bá sí, ọkọ, ìyàwó àtọmọ lè jọ jáde.

Ẹ̀kẹta ni òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ó dínwó ju ọ̀dà lọ láti ṣe, kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tí wọn kò fún ní afẹ́fẹ́ jù, á sì gbà á wẹ́rẹ́. Àmọ́ òjò lè gbá a lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ àmójútó lemọ́lemọ́, àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún.

Ta ló ń jẹ èrè?

Kò sẹ́ni tó ń gba owó ibodè lórí ọ̀nà náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀bá ọ̀nà ni owó wà.

Ẹni tó bá fi mọ́tò rin láti Auburn dé Clare kò ní í lò ju ìdajì wákàtí lọ. Á ré ṣọ́ọ̀bù kọjá kó tó rí i pé ṣọ́ọ̀bù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀n kìlómítà 12 ní wákàtí kan, á lo ju wákàtí méjì lọ, kó tó di pé ó dúró níbì kankan. Òùngbẹ á gbẹ ẹ́, ebi á pa á, oòrùn á mú un. Gbogbo ohun wọ̀nyí ọjà ni fún ẹni tó bá wà nítòsí.

Ẹnì kan ń yá àwọn àlejò ní kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn ń fi mọ́tò gbé àwọn tí agbára wọn kò gbé àbọ̀ mọ́ padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń ta oúnjẹ ọ̀sán àti kọfí, àwọn mìíràn ní yàrá tí àlejò ń sùn sí. Àwọn tó ń ṣe wáìnì náà ṣílẹ̀kùn fáwọn tó fẹ́ tọ́ ọ wò, níbi tí wọ́n ti ń bu díẹ̀díẹ̀ sínú ife.

Síbẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ ní ìṣòro kan tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ bá a yanjú: kò lè gbé páálí wáìnì sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún un ju ìgò kan lọ ní láti bá a fi ránṣẹ́ sílé. Àdírẹ́sì tó bá fi sílẹ̀ lónìí lè mú kó tún rà lọ́dún tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ó padà wá.

Ewu náà wà ńbẹ̀. Òfin kò gbà kí èèyàn mutí yó kó gun kẹ̀kẹ́, nítorí náà ọ̀nà kékeré kọ́ ni ẹni tó bá ń bu ọtí fún oníkẹ̀kẹ́ bí ẹni bu omi ń gbà wọ ìjàngbọ̀n. Nínú oṣù kìíní àti oṣù kejì, ooru ibẹ̀ máa ń mú gan-an, iná igbó sì lè ṣẹ́ yọ. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé oníkẹ̀kẹ́ nìkan á mọ̀ ọ́n lára lásìkò náà.

Ti Ítálì náà ń bẹ

Clare nìkan kọ́ ló ti rí irú èrè yìí. Ní àgbègbè Chianti, lórílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí wáìnì ti lórúkọ káàkiri ayé, mọ́tò ṣì ń gba àwọn ọ̀nà olókùúta funfun tó wà láàárín òkè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ máa da ọ̀dà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1997, Giancarlo Brocci dá ìrìn kẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ L'Eroica sílẹ̀ ní ìlú Gaiole, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni wọ́n sì ń gùn níbẹ̀. Èèyàn 92 péré ló jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wá lọ́dọọdún, wọ́n sì ń sùn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu láwọn ìlú kéékèèké tó wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 làwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ ti ń díje lórí irú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí nínú ìdíje Strade Bianche. Ọ̀nà tí àwọn kan rò pé àìlajú ni, òun ló di ọjà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kékeré kò le. Kó tó fowó sí ọjà, kó kọ́kọ́ wo irú ẹni tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bó ṣe ń yára sí, àti ohun tí kò lè gbé. Kó sì bá aládùúgbò rẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, nítorí kò sí ìdílé kan ní Clare tó lè dá tọ́jú 30 kìlómítà ọ̀nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.