Ọmọwálé: Bí Malcolm X ṣe fi ẹ̀tanú sílẹ̀ láì fi ẹ̀sìn Islam sílẹ̀

Ní Igbó-Ọrà, Èrúwà àti káàkiri Ìbàràpá, kì í ṣe nǹkan tuntun kí ọmọ ìyá méjì ṣe ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan á lọ mọ́sálásí ní Jímọ̀, èkejì á lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn máa ń gbóná nígbà míì ju ẹni tí wọ́n bí sínú ẹ̀ lọ. Ìtàn Malcolm X, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá sí Ìbàdàn ní 1964, fi hàn pé iná yẹn lè rọlẹ̀ kí ìgbàgbọ́ má sì kú.

Ọmọ oníwàásù Baptist ni, 1925 ni wọ́n bí i. Ẹ̀wọ̀n ló wà tó fi dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Nation of Islam. Wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ pé Sàtánì ni aláwọ̀ funfun. Nígbà tí ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan bi í pé kí lòun lè ṣe láti ran èèyàn dúdú lọ́wọ́, ó ní kò sí. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Ní oṣù Kẹta 1964, ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, inú ṣọ́ọ̀ṣì Methodist kan ní Cleveland ló ti sọ pé Mùsùlùmí ṣì lòun, àmọ́ kí kálukú fi ẹ̀sìn sáàárín òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Ó ṣe tán, ìyà tó ń jẹ èèyàn dúdú kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó jẹ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Mẹ́kà. Ó bá Mùsùlùmí aláwọ̀ funfun jẹun nínú àwo kan náà, wọ́n jọ kírun. Ó kọ lẹ́tà sílé pé ohun tóun rí ti mú kóun tún èrò òun pa. Ní oṣù Karùn-ún, ó dé Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ti sọ ọ́ ní Ọmọwálé.

Kò ṣíwọ́ ìrun, kò sì ṣíwọ́ ìjà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ló yí padà: ìwà èèyàn ló ń wò, kì í ṣe àwọ̀ tàbí ẹgbẹ́ mọ́. Ó kábàámọ̀ èsì tó fún ọmọbìnrin yẹn.

Ìyípadà yìí ò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀ di ọ̀tá rẹ̀. Ní 14 oṣù Kejì 1965, wọ́n ju bọ́ǹbù sílé rẹ̀. Ní ọjọ́ 21, wọ́n yìnbọn pa á ní New York. Ẹni ọdún 39 ni.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn, yálà Islam tàbí ti Kìrìsìtẹ́nì, kò dìgbà tó bá kọ oúnjẹ ọdún ìyá rẹ̀ kí Ọlọ́run tó mọ̀ pé ó gbàgbọ́.