Ṣé o mọ̀ pé Odawna yẹ níbi téèyàn ń gbé pẹ́ńsùlù lọ?

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Sípéènì kan, Gabriel Campanario, ló dá ẹgbẹ́ Urban Sketchers sílẹ̀ lọ́dún 2007, àwọn tó ń jókòó sójú pópó tí wọ́n ń ya ohun tójú wọn rí? Barcelona ni wọ́n ti pàdé lọ́dún 2013. Ìlú náà dára, àmọ́ físà rẹ̀ le. Ghana ńkọ́? ECOWAS fún ọmọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 90 níbẹ̀ láìgba físà. Odawna, àdúgbò ọjà lẹ́bàá Kwame Nkrumah Circle ní Accra, ni kó o kọ́kọ́ lọ yàwòrán.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan bíi kìlómítà 460 ni láti Èkó sí Accra, tó o bá gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lómé? Tó o bá débẹ̀, dá aago rẹ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.

Ṣé o mọ̀ pé Circle ní àmì ọwọ́ tirẹ̀? Kọ́ńdọ́ trotro, bọ́ọ̀sì akérò wọn, á yọ apá síta, á na ìka sílẹ̀, á máa yí i po bí ẹni ń ro ọbẹ̀, á máa pariwo "Circ! Circ! Circ!" Apá yẹn ni kó o tètè yà. Ara ọkọ̀ lè dúró, irú rẹ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn kayayei tó ń báni ru ẹrù lọ́jà ńkọ́? Àríwá Ghana ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wo ọrùn wọn nígbà tí abọ́ fífẹ̀ orí wọn bá kún. Fóònù á yà á láìrí i. Ṣáà gbàyè lọ́wọ́ wọn ná, kó o sì ra nǹkan lọ́wọ́ ìyá tó o bá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó o fi sanwó, bíi tilé náà ni.

Ṣé o mọ̀ pé odò Odaw, tó ń gba Odawna lọ sí ọ̀sà Korle, máa ń kún bo títì? Lálẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2015, àgbàrá àti iná ilé epo pa èèyàn tó lé ní 150 ní Circle. Òjò ni àwọn mìíràn ń sá fún tí wọ́n fi wọ ilé epo náà. Má lọ lóṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Ìgbà ọyẹ́ ló dára, ọ̀dà olómi sì máa ń tètè gbẹ nígbà náà.

Ṣé o mọ̀ pé Lagos Town ni wọ́n ń pe New Town, tí kò jìnnà síbẹ̀, tẹ́lẹ̀? Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, tó ń ṣàkóso Ghana nígbà náà, fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn, Yorùbá oníṣòwò sì pọ̀ nínú wọn. Bí àgbàlagbà kan nílé yín bá gbé Ghana rí, béèrè àdúgbò rẹ̀, kó o lọ yà á wá fún un.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ewé ọkà bàbà ló ń mú kí waakye pọ́n, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè. Àárọ̀ ni kó o wá a, torí ó máa ń tètè tán. Kenkey, oúnjẹ àgbàdo àwọn Ga ní Accra, háhá àgbàdo ni wọ́n fi ń wé e. Fi ẹja díndín àti shito, ata díndín wọn, jẹ ẹ́. Lálẹ́, ra kelewele, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tó láta àti ata ilẹ̀ nínú. Fọwọ́ kó o tó ṣí ìwé o, epo kì í kúrò lára bébà.