Ohun Tí Kìlómítà 30 Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Olókòwò

Eré ìje máratọ́ọ̀nù gùn tó kìlómítà 42 àti mítà 195. Bí ẹ bá bi ẹni tí ó ti sá a rí, yóò sọ fún yín pé eré méjì ni ó wà nínú rẹ̀: èkíní bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìlà títí dé nǹkan bí kìlómítà 30, èkejì sì ni ìyókù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòkùnkùn. Iṣu, ìrẹsì, ẹ̀bà àti búrẹ́dì tí a ń jẹ ni ara ń sọ di súgà, tí ó sì ń tò pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Àká yìí kò tóbi. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ láàárín kìlómítà 30 sí 35, pàápàá bí wọ́n bá fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá ṣì wà lára, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í tètè di agbára. Ẹsẹ̀ yóò wá wúwo bí òpó, ẹni tí ó ń fò bí ẹtu ní òwúrọ̀ yóò sì máa wọ́ bí ẹni tí ó ru àpò sìmẹ́ńtì.

Ìlú Èkó ni mo ti mọ̀ ọ́n lára. Láti ọdún 2016 ni Lagos City Marathon ti ń wáyé. Láti Pápá Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè ni a ti ń gbéra, Eko Atlantic ni a sì ń forí lé. Bí a bá ti fi afárá gígùn orí ọ̀sà sílẹ̀, tí oòrùn ti gòkè, tí ọ̀rọ̀ àwàdà sì ti tán lẹ́nu gbogbo wa, nígbà náà ni eré kejì ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ bàtà ni mo ń ṣe jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Mushin ni a ti ń ra awọ. Ìwàásù tí wọ́n máa ń ṣe fún irú wa, àwa ọ̀dọ́ tí a dá òkòwò tiwa sílẹ̀, ni pé kí a forí tì í, kí a má ṣe jáwọ́, nítorí eré ọ̀nà jíjìn ni òwò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kì í ṣe ohun tí eré náà ń kọ́ni nìyẹn. Mo ti rí àwọn géńdé onígboyà tí wọ́n jókòó sí etí títì ní kìlómítà 32. Ìgboyà kọ́ ni ó tán lára wọn. Ohun tí ìgboyà ń jẹ ni ó tán, ibi tí wọ́n sì ti ná an ni kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́, nígbà tí ara yá gágá, tí ìlù ń dún, tí àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ wo Kelvin Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ní ìlú Chicago, ó sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 35, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sá irú rẹ̀ rí nínú ìdíje títí di ọjọ́ náà. Ìdajì àkọ́kọ́ gbà á ní ìṣẹ́jú 60 àti àáyá 48; ìdajì kejì, ìṣẹ́jú 59 àti àáyá 47. Ẹni ọdún 23 ni, agbára sì pọ̀ lápá rẹ̀, síbẹ̀ ìgbà tí ó yẹ kí ó ti rẹ̀ ẹ́ ni ó yára jù. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á. Àwọn àgbà wa ti sọ pé arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ, asárétete kò róyè jẹ. Àwọn ọ̀lẹ ti gba òwe náà mọ́ra jù. Ní tèmi, ẹni tí ó lè sáré tete ni ó ń bá wí. Ẹni tí kò lè sáré kò ní ohun tí yóò kó níjàánu.

Ọkùnrin tí ó fi ọgbọ́n yìí kọ́ ayé jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà, mo sì máa ń fi èyí yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Arthur Lydiard ni orúkọ rẹ̀, ará Auckland ní orílẹ̀-èdè New Zealand. Ó fi ara rẹ̀ dán eré gígùn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó bá bọ̀ ni pé kí eléré ìje kọ́kọ́ fi oṣù púpọ̀ sá eré pẹ̀lẹ́, nǹkan bí kìlómítà 160 lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí yóò fi lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Ìgbà tí ìpìlẹ̀ náà bá dúró ni kí ó tó wá eré kíkankíkan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti ìlú Róòmù, méjì nínú àwọn tí ó kọ́, Peter Snell àti Murray Halberg, gba góòlù lọ́jọ́ kan náà.

Ní ọdún 1962, olùkọ́ eré sísá kan láti Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, Bill Bowerman, lọ kí Lydiard. Lydiard mú un dání láti bá àwọn ará àdúgbò sá eré pẹ̀lẹ́. Bàbá kan tí ó ti lé ní 70 ọdún ni ó ń dúró dè é lọ́nà, nítorí Bowerman, olùkọ́ àwọn eléré ìje, kò lè mí mọ́. Ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ ní eré pẹ̀lẹ́. Ní ọdún 1964, òun àti ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, Phil Knight, dá 500 dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òwò bàtà tí ó padà di Nike.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òwò náà ti ṣẹ̀. Nígbà tí Knight wà ní Stanford, wọ́n ní kí ó kọ àròkọ lórí òwò. Ó bi ara rẹ̀ pé: kámẹ́rà Japan ti gba ọjà lọ́wọ́ kámẹ́rà Jámánì, ṣé bàtà Japan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàtà Jámánì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rí kámẹ́rà wọ̀nyẹn lórí igbá. Òun ni ó bèèrè ohun tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ó ń kó bàtà sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń tà á níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń sáré ìje, ó sì ń ṣiṣẹ́ oníṣirò owó kí ó lè rí jẹ. Ní ọdún àkọ́kọ́, bàtà 1,300 ni wọ́n tà, owó tí ó wọlé sì tó 8,000 dọ́là. Òṣìṣẹ́ wọn àkọ́kọ́, Jeff Johnson, ní káàdì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohun tí ó sọ nípa bàtà náà sí i. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń ṣòwò lọ́jà yóò mọ̀ pé káàdì yẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Orí ni àwọn ìyá wa ń kó tiwọn sí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn yìí ti bá ọ̀rọ̀ mi mu jù ni ọ̀rọ̀ báńkì. Ọdọọdún ni ọjà wọn ń tà sí i, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bàtà ń tà, owó kò sí lọ́wọ́, nítorí kí èyí tí wọ́n tà tó di owó, wọ́n ti gbọ́dọ̀ ra èyí tí ó pọ̀ jù ú lọ. Ní ọdún 1975, báńkì wọn lé wọn jáde; ilé iṣẹ́ òwò Japan kan, Nissho Iwai, ni ó san gbèsè náà fún wọn. Òwò tí ó ń dàgbà ni ó dé kìlómítà 30. Èyí tí kò dàgbà kì í débẹ̀.

Àwa náà ní àwọn tí ó mọ èyí kí a tó bí wa. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń rìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń ta aṣọ àwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fònídónìí fọ̀ladọ́la, oníṣòwò yóò lóṣòó sí iwájú ilé rẹ̀ pé òṣó ni òun máa ló títí owó òun yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. A máa ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹni tí yóò ta àwìn ní abúlé ogún gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí kòkó ń gbó, ẹni tí ó ní oko, ẹni tí ó ń jẹ oko lẹ́nu, àti iye aṣọ tí òun lè fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ayé kí ojú owó tó tán. Lílóṣòó ni ó gbẹ̀yìn. Òfíntótó ni ó ṣíwájú.

Òfíntótó náà ni ó kó mi yọ ní ọdún tí ó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Erékùṣù rí sálúbàtà tí mo ṣe, wọ́n sì ní kí n wá gbé iṣẹ́ 200. Naira 14,000 ni wọ́n máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan; naira 10,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná mi. Èrè naira 800,000 lẹ́ẹ̀kan náà! Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń jó. Òṣù méjì lẹ́yìn tí a bá kó ọjà dé ni wọ́n ní àwọn máa sanwó.

Àpapọ̀ ìnáwó náà jẹ́ mílíọ̀nù 2 naira, naira 900,000 ni ó sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí yóò yá mi ní mílíọ̀nù 1 àti 100,000 tí ó kù ń gba èlé 10 lórí 100 lóṣù kan, èyíinì ni 110,000 lóṣooṣù. Oṣù kan láti fi ṣe bàtà, oṣù méjì láti fi dúró: 330,000. Ó ṣì dára. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, mo wá obìnrin kan tí ó ń kó báàgì fún ṣọ́ọ̀bù náà kàn, mo sì bi í pé oṣù mélòó ni oṣù méjì wọn máa ń jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní oṣù márùn-ún. Mo tún ìṣirò náà ṣe: oṣù mẹ́fà, èlé 660,000. Èrè tí yóò kù lórí bàtà 200 jẹ́ 140,000, ní gbogbo àkókò náà kò sì ní sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi láti fi ra awọ fún àwọn oníbàárà kéékèèké tí ń bọ́ mi.

Mo padà lọ pé 60 ni mo lè ṣe, kí wọ́n sì san ìdajì ṣáájú. Ọ̀gá tí ó ń ra ọjà wojú mi bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pè mí pé òun gbà. Wọ́n san 420,000, mo fi 180,000 tèmi kún un, mo kó ọjà dé. Owó tí ó kù dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo pàdánù oorun nítorí rẹ̀.

Ìyókù ọgbọ́n tí mo ń lò báyìí, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rí i. Ìyá alákàrà kan wà ní ọ̀nà tí mo máa ń gbà sáré láàárọ̀ Sátidé. Mo dúró ra àkàrà, mo sì bèèrè ìdí tí búrẹ́dì fi máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tí ẹ̀wà rẹ̀ kò pọ̀. “Ọmọ mi,” ni ó wí, “ẹ̀wà ni owó tèmi. Búrẹ́dì, owó oníbúrẹ́dì ni. Ó ń já a sílẹ̀ ní ìdájí, ó di ọ̀la kí n tó sanwó èyí tí mo bá tà.” Ó ti ń bá oníbúrẹ́dì náà bọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò sì jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ mọ́jú rí.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí mo fi sáré délé. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ra awọ lọ́wọ́ alágbà kan ṣoṣo ní Mushin, tí mo ń san gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìdúnàá-dúrà jù, kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fún mi ní àwìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bi mí pé iye bàtà mélòó ni mo ń tà lóṣù, ta ni ó ń rà á, ta ni ó jẹ mí lówó. Mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya yọ lábẹ́ àga, ó kọ orúkọ mi sí i, ó sì ní kí n yan awọ tí mo bá fẹ́.