Obìnrin Adúláwọ̀ Tí Shakespeare Kò Jẹ́ Kó Jáde Sórí Ìtàgé

Nínú The Merchant of Venice, eré oníṣe tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1596 sí 1597, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò dá. Lorenzo bá Launcelot, ọmọ ọ̀dọ̀ aláwàdà inú eré náà, wí pé ó ti fún obìnrin adúláwọ̀ kan lóyún. Launcelot fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀, eré sì ń lọ. Obìnrin yìí kò lórúkọ, kò jáde sórí ìtàgé, a kò sì gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ oyún náà já sí.

Ní 1992, Kim F. Hall, onímọ̀ lítíréṣọ̀ tó jẹ́ adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fi obìnrin yìí ṣe ìdí ọ̀rọ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan. Ó ní ká wo bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Oúnjẹ wọ́n gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1596 kan náà ni Ọbabìnrin Elizabeth kọ̀wé pé kí wọ́n kó àwọn adúláwọ̀ kúrò nílùú, pé wọ́n ti pọ̀ jù. Nínú ìran tí wọ́n ti dárúkọ oyún yẹn náà ni Launcelot ti ń ráhùn pé bí àwọn Júù bá ń di Kristẹni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ á gbówó lórí. Ta ni yóò jẹun, ta ni kò ní í jẹ? Hall rí i pé ìbẹ̀rù yìí ló wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà.

Ṣáájú rẹ̀, àwọn onímọ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ti ń tú eré ìgbà náà wò. Juliet Dusinberre gbé ìwé jáde ní 1975, Lisa Jardine gbé tirẹ̀ jáde ní 1983. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n obìnrin aláwọ̀ funfun ló sábà ń wà lọ́kàn àwọn tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ania Loomba, ọmọ Íńdíà, la ọ̀nà mìíràn ní 1989. Nígbà tí Things of Darkness, ìwé Hall, jáde ní 1995, kò tún rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò kan eré ìgbà náà.

Ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ lórí The Masque of Blackness ló yẹ kí ọmọ Yorùbá fara balẹ̀ kà. Ben Jonson ló kọ eré náà, ààfin Whitehall ni wọ́n sì ti ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1605. Ọbabìnrin Anne, aya Ọba James, tòun ti oyún nínú, àti ìyáàfin ọlọ́lá mọ́kànlá kun ojú àti apá wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní ọmọ Odò Ọya ni àwọn. Jonson sọ odò náà di bàbá wọn, odò tí àwa mọ̀ sí obìnrin, aya Ṣàngó. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ pé obìnrin funfun ni ayé ń pè ní arẹwà, ni wọ́n bá ń wá ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ lè bó wọn di funfun. Ilẹ̀ Britain ni wọ́n ti rí i, Ọba James gan-an sì ni oòrùn ọ̀hún. Dudley Carleton, tó wà níbẹ̀, kọ lẹ́tà pé àwọ̀ náà kò yẹ wọ́n rárá. Ó ní nígbà tí aṣojú ìjọba Sípéènì ń fẹnu ko ọbabìnrin lọ́wọ́, ọ̀dà ọ̀hún lè ràn mọ́ ọn létè.

Ìwọ̀sí ni, àmọ́ Hall kò dúró síbẹ̀. James ṣẹ̀ṣẹ̀ so adé Scotland àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ní 1603 ni, wọ́n sì ń wá ohun tí yóò jẹ́ kí àwọn ènìyàn méjèèjì rí ara wọn bí ọmọ ìyá kan. Ara obìnrin dúdú ni wọ́n fi ṣe òdìwọ̀n: ẹni tí kò bá rí báyìí, tiwa ni. Lójú tèmi, kò sí ibi tí ìwé náà ti gún régé tó ibí yìí.

Hall yẹ àwòrán wò bákan náà. Nínú èyí tí Pierre Mignard ya ní 1682, tó wà ní National Portrait Gallery ní London, ọmọ dúdú kan ń gbé péálì inú ìkarahun àti iyùn fún ìyáàfin aláwọ̀ funfun kan. Hall ní ká má wo ìyáàfin náà nìkan. Dídú ọmọ yẹn ló ń jẹ́ kí fífún tirẹ̀ tàn, òwò òkè òkun ló sì kó ọmọ àti iyùn débẹ̀.

Hall gboyè ọ̀mọ̀wé ní University of Pennsylvania, ó kọ́ni ní Georgetown àti Fordham, kó tó lọ sí Barnard College ní New York ní 2006. Láti inú eré ló ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ṣúgà, ó ń ka ìwé ìdáná àwọn ìyálé ilé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pọ̀ mọ́ ìtàn àwọn ẹrú inú oko ìrèké.

Ní 2007 ó ṣe àtúntẹ̀ Othello, ó sì kó ìwé àtijọ́ lórí ìrìnàjò, ẹ̀sìn, ìgbéyàwó àti iṣẹ́ ológun mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti ka Othello fún ìdánwò WAEC. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí àwọn ará London ti ń kà nípa ilẹ̀ Áfíríkà kí Othello tó bọ́ sórí ìtàgé yóò rí i níbẹ̀.