Nígbà tí ewéko bá di òkúta



Ẹ wo ewé tó bọ́ sílẹ̀ nínú oko yín. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ikán á jẹ nínú rẹ̀, ekòló á fà á wọ ilẹ̀, olú á hù lára rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ kò fi ní rí i mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ewé kò bá jẹrà, kí ni ilẹ̀ fẹ́ jẹ?

Ṣùgbọ́n ewéko mìíràn wà tí kò jẹrà. Ó di òkúta. Àwọn onímọ̀ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti wádìí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń pàdé, wọ́n á kó òkúta wọn jọ, wọ́n á máa jiyàn lé e lórí. Ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ó dí ìjẹrà lọ́wọ́?

Ẹ rántí ẹrẹ̀ dúdú inú àbàtà. Bí ẹ bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ lè fa ewé tó ti pẹ́ yọ, tí iṣan rẹ̀ ṣì hàn. Afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, nítorí náà ìjẹrà ń falẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ń kún lé ewé náà lórí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ẹrẹ̀ á le, á di òkúta, ewé á sì di àwòrán pẹlẹbẹ nínú rẹ̀. Igi líle àti kóró èso máa ń pẹ́ níbẹ̀. Òdòdó tó rọ̀ kì í sábà pẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan kò bá rí òdòdó nínú òkúta, kò lè torí ìyẹn sọ pé òdòdó kò sí láyé ìgbà náà.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun ni ó sì yà mí lẹ́nu jù. Ní àríwá Scotland, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Rhynie. Ní ọdún 1912, dókítà kan, William Mackie, tó fẹ́ràn láti máa wo òkúta, rí irú òkúta kan nínú odi tí wọ́n fi òkúta tò yí oko ká. Nígbà tí wọ́n gé òkúta náà tín-ín-rín, tí wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, igi ewéko ni wọ́n rí nínú rẹ̀, odindi, bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e lánàá. Ewéko náà ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 407. Ẹ ka ẹgbẹ̀rún ọdún ní ìgbà ẹgbẹ̀rún: mílíọ̀nù kan péré ni ẹ tíì kà.

Báwo ni? Omi gbígbóná ló ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ bu omi iyọ̀ sínú àwo, ẹ gbé e sóòrùn. Omi á lọ, iyọ̀ á kù. Omi Rhynie kò gbé iyọ̀ nìkan. Ó gbé ohun tí yanrìn fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó wọ gbogbo ihò kéékèèké inú ewéko, ó sì le síbẹ̀ kí ìjẹrà tó dé. Àwọn onímọ̀ ní Japan ti dán an wò. Wọ́n ju igi sínú omi gbígbóná bẹ́ẹ̀, láàrin ọdún 7 òkúta ti wọ inú igi náà gan-an.

Ibi tó kan àgbẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú ewéko Rhynie kò ga tó orúnkún, wọn kò ní ewé, wọn kò sì ní gbòǹgbò gidi. Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun? Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ kọ̀wé pé àwọn rí ohun kan tó jẹ́ ẹbí olú nínú ara ọ̀kan nínú wọn, tó ya ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí igi kékeré. Irú rẹ̀ ṣì wà nínú gbòǹgbò àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà yín lónìí! Ojú lásán kò lè rí i. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ, ó ń lọ jìnnà nínú ilẹ̀ ju ibi tí gbòǹgbò dé. Ó ń bá irúgbìn wá ohun tí lẹ́tà P dúró fún lára àpò ajílẹ̀ NPK. Irúgbìn náà ń fún un ní oúnjẹ aládùn tí ewé sè.

Bí a bá ń tú ilẹ̀ léraléra, okùn wọ̀nyí ń já. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń dínkù, nítorí kò sí gbòǹgbò tí wọn yóò gbé inú rẹ̀. Ẹ̀wà tí ẹ gbìn sáàárín àgbàdo, tó ṣì dúró lẹ́yìn ìkórè, ilé ni ó jẹ́ fún wọn. N kò sọ pé kí ẹ má lo ajílẹ̀ o. Ilẹ̀ tí oúnjẹ inú rẹ̀ ti tán, olú kò lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀ gbé wá.

Bí ẹ bá ń gbẹ́ kànga, tí ẹ rí òkúta tó ní àwòrán ewé tàbí ìkarahun, ẹ má fọ́ ọ. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá kò wúlò púpọ̀ fún onímọ̀. Ẹ fi ìwé wé e. Ẹ kọ orúkọ abúlé yín, ọjọ́ tí ẹ rí i, àti bí kànga ṣe jìn tó, sára ìwé náà. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ fún olùkọ́ tó wà nítòsí yín.