Ẹni Tó Ń Wá Yàrá
Bí ọmọ yín tó wà ní girama n'Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà bá ní ewì Wọlé Ṣóyínká nì, "Telephone Conversation", ẹ gbà á kà. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń fi tẹlifóònù wá yàrá nílùú òyìnbó. Owó ilé kò wọ́n, ṣùgbọ́n onílé fẹ́ mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dúdú tó! Ó pani lẹ́rìn-ín.

Àwa ńkọ́, àwa ará Àkókó tí èdè ìlú kan kì í yé ìlú kejì nígbà mìíràn? Bí àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà bá béèrè yàrá, ohùn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbọ́. Kíá, yàrá ti tán. Bóyá ẹni tí a jọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni o.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10 àti 11. Pétérù wọ ilé Kọ̀nẹ́líù, ó bá wọn jẹun. Wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó dúró fún ọjọ́ mélòó kan.