Ìpele Ewu Dáàmù Ìgbafẹ́ Aládàáni: Àlàyé fún Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé dáàmù wo ló léwu, èyí tí ògiri rẹ̀ ti lanu ni wọn yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni àwọn onímọ̀ ń wò bí wọ́n bá ń pín dáàmù sí ìpele ewu. Ìbéèrè tiwọn ni pé: bí ó bá ya lónìí, ta ni omi yóò bá nísàlẹ̀? Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ là yé ara wa nínú bébà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ewu", ni a máa ń lò fún méjèèjì ní kíláàsì.

Ìpele mẹ́ta ló wà nínú ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìpele ìsàlẹ̀, kò jọ pé ẹnikẹ́ni yóò kú, àdánù náà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá ilẹ̀ ẹni tó ni dáàmù. Ní ìpele àárín, a kò retí ikú, ṣùgbọ́n títì, iná mànàmáná tàbí okòwò àwọn ẹlòmíràn lè bàjẹ́. Ìpele òkè ni ibi tí a ti retí pé ẹ̀mí yóò sọnù. Ẹ̀mí kan ṣoṣo sì ti tó. Nítorí náà, dáàmù tuntun tí kò ní àbùkù kankan lè wà ní ìpele òkè, kí èyí tó ń jò nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé wà nísàlẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí a mọ̀ jù lọ nípa dáàmù ìgbafẹ́ aládàáni ni South Fork, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló kọ́ ọ fún ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1853. Ní 1879, Benjamin Ruff rà á, ó sì dá ẹgbẹ́ apẹja àti ọdẹ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn olówó. Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó ni ín ṣáájú ti yọ àwọn páìpù irin tí a lè fi dín omi kù, ó ti tà wọ́n. Ẹgbẹ́ náà kò fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n gé orí ògiri náà wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì ta àwọ̀n irin sí ojú ọ̀nà tí omi àpọ̀jù ń gbà jáde, kí ẹja má baà sá lọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń dáàbò bò! Ní 1880, ẹnjiníà kan, John Fulton, yẹ dáàmù náà wò, ó sì kìlọ̀ nípa páìpù tí kò sí àti omi tó ń jò. Ruff kò kà á sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1889, lẹ́yìn òjò ńlá, ó ya. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, omi ti dé Johnstown. Ó lé ní 2,200 ènìyàn tó kú. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi.

Nílé níhìn-ín, ìjọba ló ni dáàmù Alau tó ya ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2024, tí omi fi bo apá púpọ̀ ní Maiduguri. Ìjọba náà ló ni ti odò Ikpoba ní Okhoro, Ìlú Bìní. Ṣùgbọ́n omi kì í béèrè oní-nǹkan. Òtẹ́ẹ̀lì tàbí ọgbà ìgbafẹ́ tó sé odò kékeré kí àlejò lè wa ọkọ̀ ojú omi ní ojúṣe kan náà sí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìpele yìí lè gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dáàmù. Bí ènìyàn bá kọ́lé sí àfonífojì tó ti ṣófo tẹ́lẹ̀, dáàmù ìpele ìsàlẹ̀ ti di ti òkè nìyẹn. A dábàá pé kí wọ́n ya máàpù odò kan ní àdúgbò ilé ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n tọ ipa omi lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí gbogbo ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò ṣí ọ̀nà omi bí òjò bá ń rọ̀ lóru, àti ẹni tí yóò pe àwọn ará ìsàlẹ̀ lórí fóònù.